Òṣèré Ńlá, Ipa Kékeré: Ìgbéléwọ̀n Àwọn Fíìmù Orlando Martins

Ìfáárà

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ àwọn òṣèré Yorùbá tí ó kọ́kọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú fíìmù, Hubert Ògúndé, Dúró Ládiípọ̀, Adéyẹmí Afọ́láyàn tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ade Love, àti Moses Ọláìyá tí í ṣe Bàbá Sàlá ni yóò dárúkọ. Kò ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n kí Àjàní Ògún tó jáde ní ọdún 1976, kí Ògúndé sì tó gbé Ayé sójú agbo ní ọdún 1979, ọmọ Èkó kan ti lo ohun tí ó lé ní ogójì ọdún níwájú kámẹ́rà. Orúkọ rẹ̀ ni Orlando Martins. A bí i ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1899, sínú ìdílé Àgùdà, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn ti Bràsíìlì padà wá sílé lẹ́yìn oko ẹrú. Èkó náà ni ó sì kú sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985. Ohun tí ojú rẹ̀ rí láàárín kì í ṣe kékeré. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó ru ẹrù ní ọjà ẹja Billingsgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ja ìjàkadì fún owó lábẹ́ orúkọ Black Butcher Johnson, ó sì bá ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe Show Boat kọrin káàkiri. Láti nǹkan bí ọdún 1926 ni a ti ń rí i nínú fíìmù, nígbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn rárá.

Kò sí ìgbà kan tí wọ́n fi í ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú àwọn fíìmù tí a óò yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí. Òun ni ẹni tí ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn, tàbí tí ó ń dí i lọ́nà, tàbí tí ó ń gbé ẹrù rẹ̀. Irú òṣèré bẹ́ẹ̀ ṣòro láti wọ̀n. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni pé kí a to fíìmù rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ bí owó tí wọ́n pa ṣe pọ̀ tó, tàbí bí ẹ̀bùn tí wọ́n gbà ṣe pọ̀ tó. Ìjiyàn iṣẹ́ yìí ni pé bí a bá fi ọ̀nà yìí to fíìmù Martins, orí ni yóò di ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yóò sì di orí. Òdiwọ̀n mìíràn tí ó yẹ kí àwa oníṣẹ́ èdè mú lò ni èdè: kí ni wọ́n fi sí òṣèré yìí lẹ́nu, kí ni ó sì fi ohun tí wọ́n fún un ṣe?

Òkìkí fíìmù kì í ṣe òkìkí òṣèré

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún òdiwọ̀n àkọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1959, Fred Zinnemann darí The Nun's Story, fíìmù tí Audrey Hepburn ti ṣe obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà tí wọ́n rán lọ sí Kóńgò láti tọ́jú aláìsàn. Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n dárúkọ fíìmù náà fún ẹ̀bùn Oscar, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba ọ̀kankan. Martins wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Kalulu. Ní ọdún yẹn kan náà ni Sapphire jáde, tí Basil Dearden darí, tí ó sì gba ẹ̀bùn BAFTA fún fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dára jù lọ. Ìtàn ikú ọmọbìnrin kan tí awọ rẹ̀ funfun ṣùgbọ́n tí ó ní ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ lára ni, ó sì tú àṣírí ìkórìíra ẹ̀yà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sí gbangba. Martins wà níbẹ̀ pẹ̀lú: òun ni ọlọ́tí tí ó dúró lẹ́yìn káńtà. Fíìmù méjì mìíràn tí ó kópa nínú wọn, Where No Vultures Fly ti Harry Watt àti Sammy Going South ti Alexander Mackendrick, ni wọ́n yàn fún àfihàn ọdọọdún tí ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń wò, ti àkọ́kọ́ ní 1951, ti èkejì ní 1963. Àwọn òǹwòran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tú yáyá lọ wo Where No Vultures Fly, ó wà lára àwọn fíìmù tí wọ́n wò jù ní ọdún 1952.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti fíìmù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ì bá wà lókè. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ Martins kúrò nínú Sapphire, kí ni yóò dín nínú ìtàn náà? Kò sí. Ìkòkò ọbẹ̀ dùn, àmọ́ kì í ṣe iyọ̀ tirẹ̀ ni ó mú un dùn. Ohun tí The Nun's Story bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó wà níbẹ̀, kí Áfíríkà lè wà níbẹ̀. Ó ṣe é dáadáa, nítorí pé ẹni tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe é láìdáa. A kò lè tìtorí bẹ́ẹ̀ pè é ní àṣeyọrí rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ odò Sanders

Fíìmù tí ó mú orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé ìtàn ni Sanders of the River, tí Zoltan Korda darí ní ọdún 1935. Inú ìtàn Edgar Wallace ni wọ́n ti mú un, nípa òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan tí ó ń fi agídí àti ìbọn ṣàkóso àwọn ènìyàn etí odò. Nàìjíríà ni wọ́n pe ibùdó ìtàn náà. Èyí yẹ kí ó pa olùkà tí ó wà ní Port Harcourt lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé ìlú tí ó ń gbé gan-an, orúkọ Lewis Harcourt tí ó jẹ́ mínísítà fún àwọn ìlú amúnisìn ni Lugard fi sọ ọ́ ní ọdún 1913, bí ẹni pé àwọn tí ó wà létí odò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní orúkọ. Sanders wà ní ti gidi, kò kàn jẹ́ Sanders lórúkọ ni. Àmọ́ odò inú fíìmù kì í ṣe odò ilẹ̀ Ìjọ́ tàbí ti Kàlàbárì. Àárín gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n ti ya ijó àti odò, wọ́n wá kọ́ abúlé kan sí Shepperton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó àwọn adúláwọ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sí i. Jomo Kenyatta, tí ó padà di ààrẹ Kẹ́ńyà, wà lára àwọn èrò tí kò sọ̀rọ̀. Paul Robeson ni ó ṣe Bosambo.

Fíìmù náà pa owó. Nígbà tí Robeson rí ohun tí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Martins kò kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í, nítorí pé ipa rẹ̀ kéré. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Robeson ní ohùn tí gbogbo ayé ń gbọ́, ó ní ibòmíràn tí ó lè lọ. Ẹni tí ó ru ẹja ní Billingsgate kò ní. Lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀sùn kan Martins pé ó ta ara rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ sọ ọjà mìíràn tí ó wà fún un láti ná ní ọdún 1935. Èyí kò sọ fíìmù náà di rere. Ìsàlẹ̀ ni ipò rẹ̀ yóò wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni òkìkí rẹ̀ pẹ́ jù. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Martins àti Robeson tún pàdé lórí ìtàgé Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú eré tí C. L. R. James kọ nípa Toussaint Louverture àti àwọn ẹrú Haiti tí ó gba ara wọn sílẹ̀. Ìtàgé ti ṣe tán láti fi ọ̀rọ̀ òmìnira sí òṣèré adúláwọ̀ lẹ́nu, fíìmù kò tíì ṣe tán.

Magole

Men of Two Worlds ni fíìmù tí iṣẹ́ yìí fi sí ipò kìn-ín-ní. Thorold Dickinson ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1946 pẹ̀lú àwọ̀ mèremère. Kisenga, tí Robert Adams láti Guyana ṣe, jẹ́ ọmọ Tanganyika tí ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó di ògbóǹtarìgì nínú dùùrù àti orin kíkọ. Ó padà sílé láti ran ajẹ́lẹ̀ àti dókítà obìnrin kan lọ́wọ́, kí wọ́n lè kó àwọn ará ìlú rẹ̀ kúrò níbi tí irùn-ún tsetse ti ń kó àìsàn oorun ràn wọ́n. Ẹni tí ó ní ìlú kò ní ṣí ni Magole, oníṣègùn ìlú. Martins ni Magole. Magole sọ fún Kisenga pé yóò kú. Kisenga, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ó kà, dùbúlẹ̀ àìsàn, ó di ìgbà tí àwọn ọmọdé kọ orin rẹ̀ létí rẹ̀ kí ó tó dìde.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ tako fíìmù yìí kì í ṣe àjèjì sí Martins. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí a mọ̀ sí WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925, ti fẹ̀hónú hàn sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí fíìmù náà ṣì wà lórí ìwé. Wọ́n ní ó tàbùkù Áfíríkà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìtàn tí ó bá ní ìmọ̀ òyìnbó nìkan ni ìmọ̀, tí ó sì kó gbogbo ìmọ̀ àwọn baba ẹni sí abẹ́ ìbẹ̀rù, ìtàn àbùkù ni. Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù náà dé Amẹ́ríkà, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Witch Doctor, orúkọ náà sì tú gbogbo rẹ̀ síta.

Ọ̀rọ̀ èdè ni èyí, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Yorùbá mọ adáhunṣe yàtọ̀ sí babaláwo, ó mọ babaláwo yàtọ̀ sí àwòrò, ó sì mọ gbogbo wọn yàtọ̀ sí oṣó àti àjẹ́. Ẹni tí ó bá pe babaláwo ní oṣó lójú rẹ̀, ìjà ni ó ń wá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi pe Magole da gbogbo àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ra bí ẹni da èlùbọ́ pọ̀ mọ́ iyanrìn: ó so ẹni tí ń ṣeni ní ibi pọ̀ mọ́ ẹni tí ń wòsàn, ó wá sọ méjèèjì di ẹnì kan. Ìwé eré náà kọ oṣó fún Martins. Ohun tí ó ṣe níwájú kámẹ́rà yàtọ̀. Ó dúró bí ẹni tí ìlú fi nǹkan sí lọ́wọ́. Kò sáré sọ̀rọ̀, kò ṣẹ́jú, ohùn rẹ̀ tí ó wúwo bọ́ sílẹ̀ ní ibi tí ohùn Kisenga ti ń ga sókè. Lójú rẹ̀, ìlú tí wọ́n ní kí ó ṣí yìí ni sàréè baba rẹ̀ wà, ẹni tí ó sì ń kọ̀ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Nípa bẹ́ẹ̀, ìjà inú fíìmù náà di ìjà gidi láàárín àwọn méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ohun tí ó ń dáàbò bò. Dickinson fẹ́ kí a bẹ̀rù Magole, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni Martins fi bọ̀ ọ́ lára.

Àwọn kan lè sọ pé bí òṣèré bá ṣe ipa burúkú dáadáa, ṣe ni ó ń ran burúkú náà lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Síbẹ̀, bí òṣèré tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwòrò àti oṣó bá gba ipa náà, kí ni yóò kù nínú Magole? WASU tọ̀nà nípa ìtàn. Martins sì tọ̀nà nípa ẹ̀dá ìtàn. Òtítọ́ méjèèjì lè wà nínú fíìmù kan ṣoṣo.

Yàrá aláìsàn méjì

Ipò kejì ni The Hasty Heart. Martins ti ṣe ipa yìí lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945 kí Vincent Sherman tó sọ ọ́ di fíìmù ní 1949. Ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Bọ́mà ni ibùdó ìtàn. Richard Todd ṣe ọmọ ogun Skọ́tílándì tí kò mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ kú, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar nítorí rẹ̀. Ronald Reagan, tí ó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981, wà lórí ibùsùn kan. Lórí ibùsùn mìíràn ni Blossom wà, ọmọ ogun adúláwọ̀, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá bí kò ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Ẹni tí ó ní ohùn bí agogo, tí ó fi orin jẹun, ni wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó yẹ kí èyí jẹ́ ìwọ̀sí, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní apá kan. Ṣùgbọ́n àhunpọ̀ ìtàn náà rọ̀ mọ́ Blossom. Nígbà tí ọmọ Skọ́tílándì yìí mọ̀ pé òun ń kú lọ, ó gbà pé àánú lásán ni àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fi ń ṣe ọ̀rẹ́ òun, ó sì yí ẹ̀yìn padà sí gbogbo wọn. Blossom fún un ní ìlẹ̀kẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Ìgbà tí wọ́n là á yé e pé Blossom kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ, pé kò lè mọ̀ pé ó ń kú, ni ó wá rí i pé ìfẹ́ ni ìlẹ̀kẹ̀ náà, kì í ṣe àánú. Àìgbọ́ èdè ni ó di ẹ̀rí òtítọ́. Ìwọ̀nba ni òṣèré tí ó lè fi ojú àti ìka ọwọ́ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Martins gbé e.

Olùkà tí ó bá ti wo eré Ọlá Rótìmí, Hopes of the Living Dead, yóò ti rí ohun tí ó kù. Rótìmí, tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ìjọ́, wà ní Yunifásítì ìlú Port Harcourt nígbà tí ó gbé eré náà jáde ní 1985. Ilé ìwòsàn ni ibùdó ìtàn tirẹ̀ náà, ilé ìwòsàn ìjọba ní Port Harcourt, níbi tí Ikoli Harcourt Whyte tí í ṣe olórin ti jẹ́ aṣáájú fún àwọn adẹ́tẹ̀ tí ìjọba amúnisìn fẹ́ lé dànù. Àwọn aláìsàn wọ̀nyí wá láti oríṣiríṣi ẹ̀yà. Rótìmí kò sọ ẹnikẹ́ni di odi nínú wọn. Kálukú ń sọ èdè rẹ̀, ẹnì kan a gbọ́, a túmọ̀ fún ẹlòmíràn, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yí gbogbo yàrá ká. Bí ó tilẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ gùn, tí òǹwòran sì máa ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà mìíràn, ìjàkadì tí ó wà nínú títúmọ̀ yẹn gan-an ni eré náà. Nínú yàrá aláìsàn ti Bọ́mà, kò sí ẹni tí ó wá ògbifọ̀ fún Blossom. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ìdí tí The Hasty Heart kò fi lè gba ipò kìn-ín-ní yóò hàn kedere.

Àwọn baálẹ̀

Láti 1955 títí di 1965, baálẹ̀ ni wọ́n sọ Martins dà. Ó ṣe olórí abúlé nínú Simba, fíìmù nípa ogun Mau Mau ní Kẹ́ńyà. Ó ṣe baálẹ̀ nínú Tarzan and the Lost Safari, nínú Killers of Kilimanjaro, nínú Call Me Bwana tí Bob Hope fi ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, àti nínú Mister Moses tí Robert Mitchum ṣe. Kò sí ìdí láti yẹ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adé yàtọ̀, ipò kan náà ni: ọba tí kò ní ìlú, tí òyìnbó arìnrìn-àjò yóò bá ní ìjókòó, tí yóò fi sílẹ̀ ní ìjókòó. Simba nìkan ni ó ní ìwúwo díẹ̀ nínú wọn, Earl Cameron ni ó sì ni ìwúwo náà. Bí baálẹ̀ inú Call Me Bwana bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú Sanders of the River, kò sí ẹni tí a fi dù.

Ìpadàbọ̀

Ní ọdún 1959, Martins kó padà sí Èkó. Fíìmù méjì tí ó ṣe lẹ́yìn náà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Francis Ọládélé ni lámèyítọ́ kì í kà sí àṣeyọrí, wọn kò sì jẹ̀bi. Kongi's Harvest, tí Ossie Davis láti Amẹ́ríkà darí ní 1970, kò tẹ́ Wọlé Ṣóyínká tí ó ni eré náà lọ́rùn. Ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Kongi. Martins ṣe Dókítà Gbénga níbẹ̀. Èkejì ni èyí tí Hansjürgen Pohland láti Jámánì fi ìwé Chinua Achebe méjì, Things Fall Apart àti No Longer at Ease, dá ní 1971. Ó gé ìtàn méjèèjì pọ̀ mọ́ra lọ́nà tí ó fi rú àwọn tí kò ka ìwé lójú. Kò rí òǹwòran púpọ̀.

Síbẹ̀, nínú fíìmù Achebe yìí, Obierika ni wọ́n fi Martins ṣe. Ẹni tí ó bá mọ ìwé náà mọ ẹni tí Obierika jẹ́: ọ̀rẹ́ Okonkwo, ẹni tí ó ń ronú, tí ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí àṣà fi rí bí ó ṣe rí, tí ó sì sọ òótọ́ sójú ajẹ́lẹ̀ lórí òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe oṣó, kì í ṣe baálẹ̀ abẹ́ igi, kì í ṣe odi.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ níhìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ìwé eré Men of Two Worlds ni Joyce Cary, òyìnbó tí ó ti ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Àríwá Nàìjíríà, tí ó sì kọ Mister Johnson ní 1939. Ìwé Mister Johnson yìí ni ó bí Achebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú nígbà tí wọ́n kà á ní yunifásítì ní Ìbàdàn, tí Achebe fi pinnu pé àwọn tí ó ni ilé ni yóò sọ ìtàn ilé wọn. Ní 1946, ọ̀rọ̀ tí Cary lọ́wọ́ sí ni Martins ń sọ lẹ́nu Magole. Ní 1971, ó ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ọ̀rẹ́ Okonkwo ni ó ń ṣe. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó fi rìn láti ọ̀dọ̀ Cary dé ọ̀dọ̀ Achebe, ẹnu kan náà, ara kan náà. Fíìmù náà kò dára tó ohun tí ó yẹ, nítorí náà ipò kẹta ni iṣẹ́ yìí fi í sí, lókè The Nun's Story pẹ̀lú gbogbo Oscar mẹ́jọ tí wọ́n fẹ́ fún un.

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo fíìmù tí a mẹ́nu bà yìí. Nígbà tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Yorùbá pẹ̀lú Àjàní Ògún ní 1976, Martins ń gbé ní Èkó, ó sì ti lé ní ẹni ọdún márùn-dín-lọ́gọ́rin.